Ìyá Tí Ó Fi "Ẹ" Bá Ọmọdé Sọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1858, ọmọbìnrin ẹni ọdún 14 kan kúnlẹ̀ níwájú ihò àpáta kan létí odò Gave, ní ìlú Lourdes, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Bernadette Soubirous ni wọ́n ń pè é. Ó mú gègé àti bébà dání, nítorí pé obìnrin méjì tó tẹ̀ lé e lọ ní kí ó bá àwọn bẹ ẹni tó ń fara hàn án nínú ihò náà pé kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí òun fẹ́ sọ kò gba kíkọ. Ó wá bi ọmọ náà bóyá yóò ṣe òun lóore, kí ó máa wá síbẹ̀ fún ọjọ́ 15. Nígbà tí Bernadette ń ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, ohun kan wà tó yà á lẹ́nu gidigidi: ẹni náà kò fi "ìwọ" bá òun sọ̀rọ̀. "Ẹ" ló ń pe òun.

Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí. Èdè àdúgbò tí Bernadette ń sọ ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ó sì ní èyí tí a fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ẹ wò ó báyìí: bí Ìyálóde ìlú bá dá ọmọ tó ń kiri ẹ̀pà dúró, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ráyè?", ọmọ náà á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, kó lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Kò sí ẹni tó ń "ẹ" Bernadette ní Lourdes. Iṣẹ́ ìlọkà ni baba rẹ̀ ń ṣe kí òwò náà tó dẹnu kọlẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú ẹbí náà ń gbé yàrá kan ṣoṣo tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí, tí wọ́n pa tì nítorí pé kò dára fún ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n pàápàá. Ọmọ náà kò mọ̀wé, kò gbọ́ Faransé dáadáa, kò tíì gba Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́, ó sì ní àìsàn tí kì í jẹ́ kó mí délẹ̀. Igi ìdáná ló wá ṣẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù yẹn tó fi kọ́kọ́ rí ohun tó rí.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1862, lẹ́yìn ìwádìí, Bíṣọ́ọ̀bù àgbègbè náà kéde pé Màríà ìyá Jésù ni ẹni tí ọmọ náà rí. Kí n tètè sọ ọ́ pé ìjọ Kátólíìkì kò fi dandan mú ọmọ ìjọ kankan láti gba ti Lourdes gbọ́. Irú ìfarahàn bẹ́ẹ̀ kò sí lára ìgbàgbọ́ tí a gbọ́dọ̀ dì mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn Kátólíìkì, tí àwọn baba wa l'Ékòó ń pè ní Àgùdà, ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ní Màríà jẹ́ onírẹ̀lẹ̀, pé ó sì jẹ́ mímọ́, "ẹ" yẹn ni mo máa ń ní kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ lójú tiwọn ni orí tí a tẹ̀ ba. Ìwà mímọ́ ni aṣọ funfun tó wà lára ère. Nínú ẹ̀kọ́ ìjọ, ọ̀kan ló wà ní ìdí èkejì, ẹni tí kò bá sì rí ìyẹn, gbogbo ohun tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe nítorí Màríà yóò dà bí àṣejù lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń wí. Ilẹ̀ ló wà ní ìdí "ìrẹ̀lẹ̀". Ẹni tó rẹlẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀. Àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ náà gbà á bẹ́ẹ̀: humus ni wọ́n ń pe ilẹ̀ lédè Látìnì, inú rẹ̀ ni humilitas ti jáde. Èdè wa àti ti wọn kò bára tan, síbẹ̀ ibì kan náà ni àwọn méjèèjì lọ wá ọ̀rọ̀ yìí sí.

Ní Lourdes, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kúrò ní àkàwé. Ẹni tó ń fara hàn náà ní kí Bernadette lọ mu omi nínú orísun, kó sì bọ́jú níbẹ̀. Kò sí orísun kankan tí ẹnikẹ́ni mọ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà gba ọ̀nà odò lọ, ẹni náà pè é padà, ó sì nàka sí ìdí àpáta. Bernadette fọwọ́ gbẹ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ ló bá pàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bù ú tó dà á nù, ìgbà kẹrin ló tó rí ìwọ̀nba díẹ̀ gbé mì. Ó fi í bọ́jú, ó tún já ewéko tó hù níbẹ̀ jẹ. Nígbà tó fi máa kọjú sí àwọn èrò tó wá wòran, ẹrẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, wọ́n sì ní orí ọmọ yìí ti dàrú. Kò pẹ́ tí omi tó mọ́ gaara fi ń ṣàn láti ibi tó gbẹ́ náà. Ó ń ṣàn títí di òní.

Mo fẹ́ràn apá ìtàn yìí ju ìyókù lọ, bóyá nítorí pé kò sí lára káàdì tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ funfun, àmùrè aláwọ̀ sánmà àti òdòdó rósì lẹ́sẹ̀ ló wà lórí káàdì. Ẹrẹ̀ kì í sí níbẹ̀.

Màríà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Orí kìíní Ìhìn Rere Lúùkù ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà ni, ní Násárẹ́tì, ìletò kan tí Májẹ̀mú Láéláé kò fi ẹnu bà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Áńgẹ́lì wọlé, ó kí i bí ẹni ń kí ẹni ńlá, ọmọbìnrin náà sì dààmú lórí ìkíni yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù kì í ṣe iṣẹ́ tí áńgẹ́lì mú wá. Kíkí tó kí i ni. Lẹ́yìn tó ti gbọ́, tó sì ti béèrè bí yóò ṣe ṣeé ṣe, ó gbà, ó sì pe ara rẹ̀ ní ẹrúbìnrin Olúwa.

Ó lọ kí Èlísábẹ́tì ìbátan rẹ̀, ó sì kọ orin tí ìjọ ń pè ní Magnificat, èyí tí àwọn àlùfáà àti àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin ń kọ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ títí dòní. Nínú orin náà ó ní Ọlọ́run bojú wo ohun kan lára òun. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Lúùkù lò níbẹ̀ ni tapeinosis. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ìwà ìrẹ̀lẹ̀, yóò dà bí ẹni pé Màríà ń sọ pé Ọlọ́run rí bí ìwà òun ṣe dára tó. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí gan-an ni ipò tó rẹlẹ̀, ipò ẹni tí a kì í kà mọ́ ènìyàn. Martin Luther, tí ìjọ Kátólíìkì kò pè ní ọ̀rẹ́, tẹnu mọ́ èyí nínú àlàyé tó kọ lórí orin náà ní ọdún 1521, ó sì tọ̀nà. Ẹni tó bá ń fi ìrẹ̀lẹ̀ ara rẹ̀ yangàn ti sọ ọ́ nù lẹ́nu ibẹ̀. Màríà kò wo ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ rárá. Ẹni tó wo òun ló ń wò.

Ibẹ̀ ni ohun tó rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú wà. Nínú orin kan náà, ọmọbìnrin yìí sọ pé gbogbo ìran ènìyàn ni yóò máa pe òun ní alábùkún fún. Ẹ gbọ́ ná, ṣé onírẹ̀lẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ báyìí? Àwa tí a mọ ìrẹ̀lẹ̀ sí kí wọ́n ní kí èèyàn wá kọrin lóde àríyá, kó ní òun ò mọ̀ ọ́n kọ, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó wá gba gbohùngbohùn, kó má sì fi sílẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Màríà ṣe wá ní kàyéfì. Òun kò sẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ní ohun ńlá ni. Ó kàn sọ ẹni tó ṣe é ni. Ìrẹ̀lẹ̀ tirẹ̀ kò ní irọ́ nínú, kò sì ní ojo nínú pẹ̀lú, torí pé inú orin yẹn náà ló ti sọ pé a ti ré àwọn alágbára bọ́ lórí ìtẹ́, pé a ti lé àwọn ọlọ́rọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn náà, bí ìtàn ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dín kù. Ní ibi ìgbéyàwó Kánà, tí Jòhánù ròyìn, ó rí i pé wáìnì ti tán, ó sọ fún ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí àwọn ìránṣẹ́ ṣe ohunkóhun tó bá wí fún wọn. Nínú gbogbo ìwé Ìhìn Rere, kò tún sí ibi tí a ti gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó wà lẹ́sẹ̀ àgbélébùú, kò fọhùn.

Ọ̀rọ̀ kejì, mímọ́, ló ń fa wàhálà jù lédè wa. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń sọ̀rọ̀ aṣọ tí a fọ̀, la sì fi ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní Màríà mọ́, ọkàn wa á lọ sí pé ó ti dọ̀tí rí, pé ó fọ ara rẹ̀, pé ó fọ̀ ọ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ̀kọ́ ìjọ kò wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí áńgẹ́lì fi kí i, kecharitomene lédè Gíríìkì, ń tọ́ka sí ẹni tí a ti fún ní oore-ọ̀fẹ́, tí oore-ọ̀fẹ́ náà ṣì wà lára rẹ̀. Ẹlòmíràn ló fún un. Gbogbo ohun tí àwọn Kátólíìkì ń sọ nípa ìwà mímọ́ Màríà, orí pé wọ́n fún un ni ó dúró lé.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1854, Póòpù Pius Kẹsàn-án kéde ẹ̀kọ́ Ìlóyún Àìlábàwọ́n. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nípa rẹ̀ ni pé oyún Jésù ló ń sọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti gba Kọnfamésọ̀n láti ọdún gbọọrọ. Oyún Màríà ni, èyí tí ìyá rẹ̀, tí àṣà ìjọ ń pè ní Ánà, lóyún rẹ̀ bí gbogbo abiyamọ ṣe ń lóyún. Ẹ̀kọ́ náà ní láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí Màríà ti wà nínú ìyá rẹ̀ ni Ọlọ́run ti pa á mọ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí gbogbo ọmọ Ádámù ń jogún, nítorí ohun tí Jésù yóò wá ṣe.

Kò rọrùn kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn tó rò pé ńṣe ni ìjọ kàn ń fi oyè kún oyè Màríà mọ̀ ọ́n. Bernard ti Clairvaux, tó fẹ́ràn Màríà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìwàásù rẹ̀ nípa rẹ̀ fi ń tàn kálẹ̀ títí dòní, bínú nígbà tó gbọ́ pé àwọn àlùfáà ìlú Lyon ń ṣe àjọ̀dún ìlóyún yìí. Thomas Aquinas, tó kú ní ọdún 1274, náà kò gbà á. Ìbéèrè wọn lágbára: bí Màríà kò bá ní ẹ̀ṣẹ̀ rárá, kí ni Jésù wá gbà á là lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé òun nìkan ni kò nílò Olùgbàlà ni?

Ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ará Skọ́tílánì kan, Duns Scotus, tó kú ní ọdún 1308, ló dá wọn lóhùn. Kí n fi tiwa ṣàlàyé ohun tó wí. Ọmọ méjì ń ṣeré nítòsí kànga tí kò ní ìdérí. Ọ̀kan já sínú rẹ̀, baba sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e jáde, ó wẹ̀ ẹ́. Èkejì fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé etí kànga, baba ti nawọ́ gán an kó tó ṣubú. Baba ló gba àwọn méjèèjì là. Èkejì kò lè sọ pé òun kò jẹ baba ní gbèsè nítorí pé aṣọ òun kò tutù. Gbèsè tirẹ̀ gan-an ló pọ̀ jù. Scotus ní bẹ́ẹ̀ ni ti Màríà rí: Jésù ni Olùgbàlà rẹ̀, òun ló sì gbà là jù nínú gbogbo ènìyàn. Ó tó ọ̀rúndún márùn-ún lẹ́yìn ikú Scotus kí Róòmù tó fọwọ́ sí i.

Ìdáhùn Scotus yìí ni mo rò pé ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ìwà mímọ́ Màríà bá jẹ́ ohun tó fi agbára ara rẹ̀ kó jọ, yóò ní ẹ̀tọ́ láti gbéra ga, àwa náà yóò sì ní ẹ̀tọ́ láti sá fún un. Ṣùgbọ́n bó ṣe mọ́ tó ni gbèsè ọpẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò sí ẹ̀dá tí a fún ní ohun tó pọ̀ bíi tirẹ̀, nítorí náà kò sí ẹ̀dá tó mọ̀ bíi tirẹ̀ pé fífún ni wọ́n fún òun. Ẹni tó bá mọ èyí lára ara rẹ̀ kò ní rí ìdí tí kò fi yẹ kí òun sọ "ẹ" sí ọmọ olówò tó wó lulẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1858, ọjọ́ tí ìjọ ń rántí ìbẹ̀wò áńgẹ́lì sí Màríà, Bernadette béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ń rí, ó béèrè, ó tún béèrè. Lédè àdúgbò ni wọ́n fi dá a lóhùn: ẹni náà ní òun ni Ìlóyún Àìlábàwọ́n. Ọmọ náà kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ń pe gbólóhùn náà lẹ́nu lọ ní gbogbo ojú ọ̀nà, kó má bàa gbàgbé rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àlùfáà ìjọ wọn, Fadá Peyramale. Àlùfáà tó ti ń jágbe mọ́ ọn láti ọjọ́ yìí wá kò mọ ohun tí yóò wí mọ́.

Ní ilẹ̀ wa, ìbéèrè mìíràn ló máa ń ṣáájú: "Ṣé Màríà lẹ ń bọ ni?" Aládùúgbò tó bi wọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀. Ó rí ère, ó rí àbẹ́là, ó rí àwọn tó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá gan-an ló lè dáhùn ìbéèrè náà, nítorí pé a mọ ìyàtọ̀ láàrin kíkí àti bíbọ. Ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀ kò bọ ìyá rẹ̀. A ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ ènìyàn, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé abiyamọ ti di Ọlọ́run nípa bẹ́ẹ̀. Ìjọ ti fa ààlà yìí tipẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹrin, Bíṣọ́ọ̀bù Epiphanius ti Salamis, ní erékùṣù Kípírù, kọ̀wé bá àwọn obìnrin kan wí tí wọ́n ń fi àkàrà rúbọ sí Màríà. Ó ní kí wọ́n bọlá fún un, kí wọ́n má ṣe sìn ín. Ní ọdún 787, ìgbìmọ̀ ńlá tó jókòó ní Nicaea sọ ohun kan náà nípa ère: ọlá tí a fún ère ń kọjá lọ bá ẹni tí a gbẹ́, ìsìn tòótọ́ jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Àwọn onímọ̀ ìjọ sì ní orúkọ fún wọn: latria fún Ọlọ́run, dulia fún àwọn ẹni mímọ́, hyperdulia fún Màríà, tó ju ti àwọn ẹni mímọ́ lọ, tí kò sì dé ti Ọlọ́run. Wọn kì í rú ẹbọ Míísà sí Màríà. Orúkọ rẹ̀ tó ga jù, Ìyá Ọlọ́run, tí ìgbìmọ̀ Éfésù fọwọ́ sí ní ọdún 431, nítorí Jésù ni wọ́n ṣe jà fún un: wọ́n fẹ́ sọ pé ọmọ tó bí kì í ṣe ènìyàn lásán.

Lítánì Loreto, àdúrà tí wọ́n fi ń ké pe Màríà, tí Póòpù Sixtus Karùn-ún fọwọ́ sí ní ọdún 1587, oríkì ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ọba láàárọ̀ yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: orúkọ lé orúkọ, ilé ìṣọ́, ìràwọ̀, ilẹ̀kùn, ọbabìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ìdáhùn ìjọ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo oríkì yẹn, wọn kò ju pé kó bá wọn gbàdúrà lọ.

Àwọn Kátólíìkì fúnra wọn ti jiyàn lórí ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dúró sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1963, nígbà ìgbìmọ̀ Fátíkà Kejì, wọ́n dìbò bóyá kí wọ́n kọ ìwé ọ̀tọ̀ fún Màríà tàbí kí wọ́n fi í sínú ìwé tí wọ́n ń kọ lórí ìjọ. Àwọn tó ní kó wà nínú ti ìjọ jẹ́ 1,114, àwọn tó kọ̀ jẹ́ 1,074. Ogójì ìbò péré! Wọ́n fi í sáàrin àwọn ènìyàn, ibi tó máa ń wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Róòmù tún gbé ìwé jáde pé kò bójú mu láti máa pe Màríà ní alájọṣe ìràpadà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé Jésù nìkan kò tó. Inú àwọn kan kò dùn sí i. Èmi rò pé ọmọbìnrin tó pe ara rẹ̀ ní ẹrú kò ní bá wọn jà lórí oyè yẹn.

Rósárì pàápàá, nínú ìrẹ̀lẹ̀ ló ti wá. Gbogbo Sáàmù, 150 lápapọ̀, ni àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ń kà nínú ilé wọn. Àwọn tí kò mọ̀wé, àwọn àgbẹ̀ àti ìránṣẹ́, kò lè kà wọ́n, ni wọ́n bá ń ka àdúrà kúkúrú tí wọ́n mọ̀ sórí ní iye ìgbà kan náà, wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà á. Ìdí nìyẹn tí kíkí Màríà 150 fi wà nínú odindi Rósárì kí Póòpù John Paul Kejì tó fi Ohun Ìjìnlẹ̀ Ìmọ́lẹ̀ márùn-ún (Ohun Ìjìnlẹ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí a ń ṣàṣàrò lé bí a ṣe ń ka Rósárì) kún un ní ọdún 2002. Àdúrà àwọn tí kò mọ̀wé ni, àwọn póòpù sì ń kà á.

Ọmọ Yorùbá ní ìdí mìíràn láti mọ ìtàn yìí. Ní Kúbà, ère kékeré tí wọ́n ń pè ní Caridad del Cobre léfòó lórí omi Nipe ní nǹkan bí ọdún 1612, bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló rí i: ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀, àti ọmọkùnrin ẹrú dúdú kan, Juan Moreno. Ní ọdún 1687, nígbà tó ti darúgbó, Juan Moreno yìí ni wọ́n pè kó wá jẹ́rìí. Ẹrú ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, wo obìnrin tó wá lójú omi yìí, wọ́n sì rí Ọ̀ṣun. Ìjọ kò gbà pé ẹnì kan náà ni wọ́n, mi ò sì ní díbọ́n pé ó rọrùn láti yà wọ́n nínú ọkàn àwọn tó ń jó fún wọn. Ní Brazil, apẹja mẹ́ta ló wọ́ ère amọ̀ dúdú kan jáde nínú odò Paraíba ní ọdún 1717, ara rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, orí tẹ̀ lé e. Aparecida nìyẹn, tí Póòpù fi ṣe alábòójútó gbogbo Brazil ní ọdún 1930. Láti Brazil àti Kúbà ni àwọn Àgùdà ti padà wá sí Èkó, ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló sì ń kó wọn jọ fún àdúrà kí Fadá Borghero tó dé ibẹ̀ ní ọdún 1863.

Bí ìfọkànsìn bá sì ti sọ ìrẹ̀lẹ̀ nù, ó ti di nǹkan mìíràn. Louis de Montfort, àlùfáà Faransé tó kú ní ọdún 1716, ka irú olùfọkànsìn èké méje tó mọ̀. Lára wọn ni alágàbàgebè, ẹni tó ń ṣe é torí ohun tó fẹ́ gbà, ẹni tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ lóde ara nìkan, àti ẹni tó rò pé òun lè máa dẹ́ṣẹ̀ lọ nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti wà lọ́rùn òun. Mo ti rí ibi tí àwọn méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ara wọn ya lórí ẹni tí yóò gbé ère Màríà níwájú nígbà tí a bá ń wọ́de lóṣù Karùn-ún. Aṣọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ sánmà ló sì wà lọ́rùn àwọn méjèèjì.

Bernadette kò gbé ère kankan. Nígbà tí agbẹ́re kan láti Lyon gbé ère tó ṣe fún ihò náà dé ní ọdún 1864, ọmọ náà wò ó, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí òun rí. Ó kọ owó, ó kọ ẹ̀bùn. Ní ọdún 1866 ó wọ ilé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ní Nevers, kò sì padà sí Lourdes mọ́. Ó tọ́jú aláìsàn, òun náà ṣàìsàn. Wọ́n bi í nípa ohun tó rí, ó fi ara rẹ̀ wé ìgbálẹ̀: bí wọ́n bá ti fi gbálẹ̀ tán, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbé e sí. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1879, ní ẹni ọdún 35. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1933 ni ìjọ kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́, ọjọ́ àjọ̀dún orúkọ tó ń pè lẹ́nu lọ sọ́dọ̀ àlùfáà láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín tó ń fi ìka yí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ kí i kí ẹ tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, Ohun Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ ló ń kà. Ẹ ní kó sọ èso tí wọ́n ń tọrọ nínú àkọ́kọ́ fún yín. Ìrẹ̀lẹ̀ ni yóò wí.